Àwòrán òjìji: bí a ṣe ń gé e, bí a ṣe ń yà á, àti iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe

Akẹ́kọ̀ọ́Ọnà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ máa gé ojú èèyàn láti ẹ̀gbẹ́ lára bébà dúdú, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bébà funfun tí wọ́n sì ń fi sínú férémù. Òjìji orí ògiri ni mo fi ń tọ ìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tóbi ju orí ẹni náà lọ, etí òjìji náà sì máa ń rí bàìbàì. Bí mo bá gé e tán, kì í jọ ẹni náà. Kí ló ń fà á? Ìbéèrè kejì: mo ń rí ọ̀rọ̀ "silhouette", tí wọ́n fi ń pe irú àwòrán yìí, nínú ìwé aṣọ, nínú ìwé ìṣègùn àti nínú ìtàn àròsọ. Ṣé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ?

Ìmọ́lẹ̀Ẹ̀yìn:
Ti títóbi àti ti bàìbàì, ìṣirò ló máa yanjú wọn.

Ẹ wọn bí iná ṣe jìnnà sí ògiri, kí ẹ fi bí iná ṣe jìnnà sí orí pín in. Iye tó bá jáde ni ìlọ́po tí òjìji fi tóbi ju orí lọ. Bí iná bá wà ní mítà 1 sí orí, tí orí sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí ògiri, ìlọ́po 1.3 ni. Ẹ gbé iná lọ sí mítà 3, kí ẹ mú orí sún mọ́ ògiri títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 20, ìlọ́po náà á wálẹ̀ sí bíi 1.07. Ojú kò lè tètè mọ ìyẹn.

Bàìbàì ní tirẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú pé iná kò mọ́lẹ̀ tó. Fífẹ̀ iná ló ń fà á. Gílóòbù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, bí ó bá wà níbi tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, etí òjìji á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.8: ta ló mọ ibi tí ìlà wà nínú ìyẹn? Gílóòbù kan náà ní mítà 3, etí náà á ku mìlímítà 4. Ṣùgbọ́n iná tọ́ọ̀ṣì fóònù, tí kò fẹ̀ ju bíi mìlímítà 5 lọ, ìdá mẹ́ta mìlímítà kan ni yóò ṣe. Nítorí náà ẹ lo iná kékeré kan ṣoṣo, kí ẹ pa gbogbo iná yòókù. Bí fóònù yín bá ní ojú iná méjì, òjìji yóò ní etí méjì. Ẹ fi nǹkan dúdú bo ọ̀kan.

Kí iná wà ní ìbádọ́gba etí ẹni tó jókòó. Bí ó bá wálẹ̀ jù, òjìji èjìká tó wà lápá iná á gòkè wá jẹ ọ̀fun àti abẹ́ àgbọ̀n. Kí ẹni náà sì fi ìpàkọ́ ti nǹkan tó le, torí mímí nìkan tó láti mi orí. Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ, láti iwájú orí dé ọ̀fun, kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

BébàDúdú:
Ọ̀gá mi ti sọ ti ìmọ́lẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti gígé.

Bébà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 80 sí 120 fún mítà onígun mẹ́rin kan (iye yẹn máa ń wà lára páálí rẹ̀) ló rọrùn jù. Èyí tó bá kọjá 160 á máa ti ẹnu sísọ́ọ̀sì sẹ́yìn, kọ̀rọ̀ abẹ́ imú á sì ya. Oríṣi dúdú méjì ló wà: èyí tí aró wọ̀ dé inú, àti èyí tí wọ́n kun ojú kan ṣoṣo tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ẹ̀yìn funfun dára láti fi pẹ́ńsù yà sí, ṣùgbọ́n bí bébà náà bá nípọn, ìlà funfun tín-ínrín á máa yọjú létí àwòrán. Èyí tí aró wọ̀ dé inú kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn bébà ni ẹ ó yà á sí. Ẹni tó kọjú sí òsì ní ẹ̀yìn yóò kọjú sí ọ̀tún nígbà tí ẹ bá yí i padà. Fún ẹni kan ṣoṣo, kò já mọ́ nǹkan kan. Fún tọkọtaya tí wọ́n ní láti kọjú síra wọn nínú férémù, ó lè mú kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn.

Sísọ́ọ̀sì kékeré, sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí 11, kí ẹnu rẹ̀ tọ́, kó sì mú dé ṣóńṣó. Ọwọ́ tó di sísọ́ọ̀sì mú kì í rìn. Bébà ni à ń yí sí i. Àárín ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ máa fi gé, kí ẹ má sì pa á dé tán lórí ìlà gígùn, torí ibi tí ṣóńṣó méjèèjì bá ti pàdé ni eyín wẹ́wẹ́ ti ń yọ sí etí àwòrán. Bí ẹ bá rí iwájú orí tó rí ségesège, ohun tó fà á nìyẹn.

Ihò inú ni kí ẹ fi abẹ gé ṣáájú, nígbà tí bébà ṣì dúró dáadáa: àlàfo láàárín yẹtí àti ọrùn, tàbí láàárín ìdì irun àti ìpàkọ́. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àyà, kí ẹ gòkè gba ọ̀fun, àgbọ̀n, ètè, imú, títí dé iwájú orí. Irun àti ẹ̀yìn ọrùn ló kẹ́yìn. Ibi tí imú ti pàdé ètè òkè, ẹ má yí bébà bírí níbẹ̀. Ẹ gé e dé ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ dúró, ẹ yọ sísọ́ọ̀sì, kí ẹ wá láti òkè láti pàdé rẹ̀. Kọ̀rọ̀ náà á mú.

Ẹ máa fi ìdajì mìlímítà jìnnà sí ìlà pẹ́ńsù, lápá ìta. Èyí tó ṣẹ́kù ṣeé gé kúrò, èyí tó ti lọ kò ṣeé lẹ̀ padà.

Ìwọ̀n tó gba iṣẹ́ jù ni sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 láti orí dé àyà. Bí ó bá kéré ju 5 lọ, ètè á pòórá. Ìsàlẹ̀ àyà, ẹ má gé e tààrà. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ wọlé níwájú, kó sì yọ síta lábẹ́ èjìká. Bí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń parí ìsàlẹ̀ yìí yàtọ̀ débi pé àwọn tó ń kó iṣẹ́ àtijọ́ jọ máa ń fi dá ọwọ́ ẹni tó gé e mọ̀, kódà bí kò bá fọwọ́ sí i.

Olùkọ́Iṣẹ́Ọnà:
Ti àìjọra ló kù. Àwọ̀ ti lọ, ẹyinjú ti lọ, ẹ̀rín ti lọ. Etí àwòrán nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá ṣì létí, kò sí nǹkan kan nínú tó lè tún un ṣe. Mo gbà pé gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí, yálà sísọ́ọ̀sì ni tàbí kámẹ́rà, ibẹ̀ ló wà.

Imú ni gbogbo ènìyàn máa ń kó ọkàn lé. Àmọ́ kòtò tó wà láàárín iwájú orí àti igi imú ló máa ń sọ ẹni tí a ń wò, bí ó ṣe jìn tó àti bí ó ṣe ga tó. Lẹ́yìn ìyẹn, àlàfo láàárín ètè méjèèjì: bí ẹ bá gé e jìn ní mìlímítà kan péré jù, ẹni ogún ọdún á di arúgbó tí kò léyín. Kòtò abẹ́ ètè ìsàlẹ̀ náà ṣe kókó, àti igun tí àgbọ̀n fi pàdé ọ̀fun.

Àṣìṣe ńlá méjì mìíràn wà lẹ́yìn orí. Àkọ́kọ́, ìpàkọ́ tí wọ́n gé kúrú jù. Láti iwájú orí dé ìpàkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó láti àtàrí dé àgbọ̀n. Ẹ ya àpótí onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba, orí tí a wò láti ẹ̀gbẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Èkejì, ọrùn tí wọ́n gbé dúró bí òpó. Ọrùn máa ń tẹ̀ síwájú, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn sì ga ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ níwájú lọ.

Ọmọdé: iwájú orí yọ, imú kúrú, àgbọ̀n fà sẹ́yìn, ọrùn tín-ínrín. Ẹ má bá a tún un ṣe kó lè "dára". Irun tó ká kókó, ẹ má fi ìlà dídán gé e. Ẹ fi ṣóńṣó sísọ́ọ̀sì já a wẹ́wẹ́, mìlímítà 1 sí 2, kó má dọ́gba. Ẹni tó wọ awò ojú, jẹ́ kí etí awò yọ díẹ̀ níwájú igi imú, ó ti tó. Irun ìpéńpéjú, ẹyọ kan.

Bí ẹ bá gé e tán, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ tún wò ó. Tàbí kí ẹ wo funfun tó yí i ká bí ẹni pé òun ni nǹkan tí ẹ gé. Edgar Rubin, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn láti Dẹ́nímáàkì, fi èyí hàn ní 1915 pẹ̀lú ìkòkò tó tún jẹ́ ojú méjì tó kọjú síra: etí kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan péré ni ojú ń fún un lẹ́ẹ̀kan. Àṣìṣe tó sá pamọ́ sínú dúdú máa ń hàn nínú funfun.

FóònùNìkan:
Kí la tún ń fìyà iná jẹ ara wa fún? Ẹ ya fọ́tò ẹni náà láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, kí ẹ tọ ọ́.

BébàDúdú:
Ó ṣeé ṣe, kò sì burú. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 2 ó kéré tán, kí ẹ wá fi súùmù fà á sún mọ́ra. Bí ó bá sún mọ́ jù, ohun tó wà nítòsí lẹ́ńsì á wú, ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú á sì yí padà. Gbé kámẹ́rà sí ìbádọ́gba imú. Bí irun ojú kejì bá yọ rárá, orí náà ti yí. Ẹ tún un yà.

Akọ̀wéÌtàn:
Díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀, torí ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà dàgbà ju orúkọ rẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ Gíríìsì ìgbàanì ti ń ya ènìyàn dúdú sára ìkòkò, wọ́n á sì fi nǹkan mímú ha ìlà inú rẹ̀. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ ọ́ pé ọmọbìnrin amọ̀kòkò Butades tọ òjìji olólùfẹ́ rẹ̀ sórí ògiri pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ fìtílà kí ó tó lọ sí ìrìn àjò. Ìtàn ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Étienne de Silhouette ní tirẹ̀ jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó Faransé fún oṣù mẹ́jọ péré ní 1759. Ó fẹ́ kí àwọn olówó máa san owó orí, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: ohunkóhun tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, tirẹ̀ ni. Àwòrán tí bébà àti sísọ́ọ̀sì nìkan tó fún bọ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ àtijọ́ pín sí. Àwọn kan fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. John Miers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kùn tirẹ̀ sórí pílásítà, ó sì máa ń mú dúdú náà fúyẹ́ níbi irun àti aṣọ. Àwọn kan gé e, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́. Auguste Edouart ni àgbà nínú àwọn yìí. Ó máa ń ṣẹ́ bébà po kí ó lè gé méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀kan lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ kí Akẹ́kọ̀ọ́Ọnà gbìyànjú: inú bébà funfun ni a ti gé orí náà jáde, ihò tó kù ni àwòrán, aṣọ tàbí bébà dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Moses Williams, tó ti jẹ́ ẹrú rí, ṣe gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ní mùsíọ́ọ̀mù Charles Willson Peale ní Philadelphia láti bíi 1802, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tọ ojú. Ó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nítorí pé ìlà pẹ́ńsù hàn dáadáa lórí funfun, kò sì sí imú tín-ínrín tí gọ́ọ̀mù máa ká. Abẹ ni kí ẹ lò fún un, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì.

Fọ́tò dé ní 1839. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ àwọn tó ń gé àwòrán òjìji lọ sílẹ̀ gidigidi.

Ìmọ́lẹ̀Ẹ̀yìn:
Ẹ ṣé, sà. Kí n fi ti kámẹ́rà kún un. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni náà, kí iwájú rẹ̀ má ní tirẹ̀. Orí fóònù, ẹ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run, kí ẹ fa àmì oòrùn wálẹ̀ títí ara ẹni náà á fi dúdú. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ pa HDR náà, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi dúdú, èyí tó jẹ́ òdìkejì ohun tí ẹ ń wá. Orí kámẹ́rà ńlá, ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lára ojú ọ̀run, ẹ lo f/8 (ìwọ̀n tí ihò lẹ́ńsì fi ṣí), kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìpele 1 tàbí 2. Ẹ má fi ojú wo oòrùn gangan gba inú ihò kámẹ́rà o.

Ohun tó ń ba púpọ̀ nínú fọ́tò yìí jẹ́ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Apá tó lẹ̀ mọ́ ara ni, tàbí ènìyàn méjì tí wọ́n bo ara wọn títí wọ́n fi di ìṣù kan. Kí afẹ́fẹ́ hàn láàárín apá àti ìhà, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí orí àti èjìká lè yọ sókè ju igi àti ilé tó wà lẹ́yìn. Ẹ tún rántí pé dúdú kì í sọ bóyá ẹnì kan kọjú sí wa tàbí ó kẹ̀yìn. Oníjó tó ń yí tí Nobuyuki Kayahara ṣe ní 2003 ń yí sí ọ̀tún lójú ẹlòmíràn, sí òsì lójú ẹlòmíràn. Kò sì sí ẹni tó ṣì í wò. Bí ó bá ṣe pàtàkì fún yín kí ó dáni lójú, ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́.

AṣeréÒjìji:
Ẹ ti gbàgbé àwọn tó ń rìn. Nínú wayang kulit, eré òjìji ti Jáfà, awọ ẹfọ̀n ni wọ́n ń gé, wọ́n á sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí i kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Awọ Karagöz, eré òjìji ti Tọ́kì, tàn débi pé òjìji rẹ̀ ní àwọ̀. Lotte Reiniger ní Jámánì sì fi páálí dúdú ṣe odindi fíìmù kan tó jáde ní 1926.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ọmọláńgidi òjìji, oríkèé ni kí ẹ ṣọ́. Ibi tí apá ti pàdé èjìká, kí ìparí àwọn méjèèjì rí róbótó ní ìwọ̀n kan náà, kí wáyà sì gba àárín róbótó yẹn gan-an. Bí ó bá jẹ́ onígun, bí apá bá ti gbéra ni ìmọ́lẹ̀ á yọ láàárín, èjìká á sì yọ ṣónṣó. Ìṣirò Ìmọ́lẹ̀Ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ níbí náà: tí ó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ, etí á mú, fà á sẹ́yìn sápá iná, á tóbi, á sì di bàìbàì. Bí iwin ṣe ń wọlé tó sì ń pòórá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀LóYẹni:
Ìbéèrè kejì ni tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ etí ni gbogbo wọn ń sọ.

Lọ́wọ́ àwọn aránṣọ, òun ni bí aṣọ ṣe dúró lára bí a bá yọ àwọ̀ àti ọnà rẹ̀ kúrò: ibi tó fún, ibi tó tú. Ní 1947 Christian Dior fún ìbàdí pinpin, ó sì tú síkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ní 1955 ó mú aṣọ onírísí lẹ́tà A jáde. Ẹ gbé aṣọ kọ́ iwájú fèrèsé kí ẹ wò ó láti inú ilé, ẹ óò rí i kíá bóyá ìránṣọ náà ní ìrísí tàbí ọ̀ṣọ́ ló ń bò ó.

Nínú X-ray, àmì kan wà tí wọ́n ń pè ní "silhouette sign", tí dókítà Benjamin Felson mú gbajúmọ̀ láti 1950. Etí ọkàn ń hàn nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró tó yí i ká kún fún afẹ́fẹ́. Bí omi tàbí ọyún bá gba ipò afẹ́fẹ́ níbi tó kan ọkàn, àwọn méjèèjì á ní ìwọ̀n kan náà, etí á sì pòórá. Bí etí ọ̀tún ọkàn bá ti sọnù, apá àárín ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ni dókítà máa kọ́kọ́ fura sí. Ohun kan náà ni ti ènìyàn méjì inú fọ́tò tí wọ́n di ìṣù. Nínú ìṣirò dátà, Peter Rousseeuw fún ìwọ̀n kan ní orúkọ yìí ní 1987, èyí tó ń sọ bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe bá ẹgbẹ́ tí a pín in sí mu tó: ó wà láàárín −1 àti 1. Èyí tó bá sún mọ́ 1 wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ dáadáa, 0 wà lẹ́nu ààlà, èyí tó bá sì wálẹ̀ ju 0 lọ, ó ṣeé ṣe kó ti ṣìnà wọ ẹgbẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ òjìji lásán rọ́pò silhouette níbi gbogbo. Òjìji máa ń bọ́ sórí ilẹ̀ tàbí ògiri. Èyí, ara ẹni náà fúnra rẹ̀ ló dúdú lójú wa nítorí ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, dúdú gbáú, ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀" ti sọ ọ́ tán.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọnà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ dákun, àṣìṣe wo ló wọ́pọ̀ jù nínú ìtàn àròsọ?

Ọ̀rọ̀LóYẹni:
Ẹ̀rín. Òǹkọ̀wé á gbé ọkùnrin kan sẹ́nu ọ̀nà, oòrùn lẹ́yìn rẹ̀, ìlà tó tẹ̀lé e á ní ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ta ló rí i? Ẹni tó wà nínú ilé kò lè rí ju gíga, ìdúró, fìlà, ohun tó gbé lọ́wọ́, àti bóyá ó ń yẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ìwọ̀nyí mọ̀ ọ́n, tàbí kó ṣì í mọ̀. Ẹ tún rántí pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń rí ti inú ilé kedere: ó ti mọ ẹni tó ń wò ó, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìbẹ̀rù inú irú ìran bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Olùkọ́Iṣẹ́Ọnà:
Ẹ ṣọ́ra fún ìtumọ̀ àsọjù pẹ̀lú. Johann Caspar Lavater, àlùfáà ará Switzerland, kọ ìwé láàárín 1775 sí 1778 tó ní ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú ń fi ìwà ènìyàn hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà náà ń fi egungun àti ẹran hàn, ó parí. Kara Walker, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, yí irú èrò yẹn padà sórí ẹni tó ń wòran láti 1994. Gbogbo ènìyàn inú iṣẹ́ rẹ̀ ló dúdú bákan náà, olówó ẹrú àti ẹrú, síbẹ̀ olùwòran ń pín wọn sí ẹ̀yà láti ara ètè, irun àti aṣọ. Ibo ló ti rí ìpín yẹn? Nínú orí ara rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń gé ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ má gé ohun tí ẹ rò pé irú wọn máa ń rí. Ẹ gé ẹni tó jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọnà:
Mo gbọ́, mà. Ọ̀kan ló kù: gọ́ọ̀mù mi máa ń ká bébà.

BébàDúdú:
Omi inú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ lo gọ́ọ̀mù aláwọ̀ funfun, ẹ kán an wẹ́wẹ́ sí àárín orí àti àyà nìkan, kí ó má dé ibi tó fi mìlímítà 3 súnmọ́ etí. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré gbé àwòrán náà, kí imú kọ́kọ́ kan bébà, kí ẹ wá máa tẹ́ ìyókù sẹ́yìn. Ẹ fi bébà tó mọ́ bò ó, kí ẹ gbé ìwé ńlá lé e di ọjọ́ kejì. Nínú férémù, kí páálí tó nípọn bíi mìlímítà 1.5 yí i ká kí dígí má bàa kàn án, torí ọ̀rinrin máa ń lẹ dúdú mọ́ dígí. Kí oòrùn má sì máa tàn sí i: aró dúdú púpọ̀ máa ń pọ́n bó bá pẹ́.